Kọ̀ǹpútà fún ọmọ ilé ìwé: Kí ló dé tí Liberia fi gbé e fún olùkọ́ dípò akẹ́kọ̀ọ́?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ilé ìwé wọlé fún sáà tuntun ní orílẹ̀-èdè Liberia, àwọn olùkọ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wọ kíláàsì pẹ̀lú ohun tí wọn kò gbé rí. Tábílẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú wọn kò rí irú rẹ̀ gbà. Ìwé àti pẹ́ńsùlù ni tiwọn.

Ẹni tó bá rántí ohun tí ayé ń sọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń polongo pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ni yóò ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kan ṣe wá di ẹ̀rọ kan fún olùkọ́ kan? Ìtàn náà gba Tunis, Abuja, Òṣogbo, Kigali àti Montevideo kọjá kó tó dé Monrovia tó jẹ́ olú ìlú Liberia. Láti ibẹ̀, ó ti padà wá sí Èkó àti Kwara. Ohun kan ló sì ń fi hàn ní gbogbo ibi tó dé: ọjọ́ tí wọ́n bá pín kọ̀ǹpútà ni ọjọ́ tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìlérí 100 dọ́là

Ní oṣù Kínní ọdún 2005, Nicholas Negroponte, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé ìwádìí Media Lab sílẹ̀ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, gbé èrò kan kalẹ̀ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé nílùú Davos. Ó fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò ní ju 100 dọ́là lọ. Ìjọba ni yóò máa rà á lọ́pọ̀ yanturu, wọn yóò sì pín in fún àwọn ọmọ bí ẹni pín ìwé. Orúkọ àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ni One Laptop per Child.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Negroponte àti Kofi Annan, ọmọ Ghana tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, fi ẹ̀rọ náà han gbogbo ayé ní Tunis, olú ìlú Tunisia. Aláwọ̀ ewé ni, ó sì ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n lè máa yí láti fi fún un ní iná níbi tí kò bá sí iná mànàmáná. Bí Annan ṣe di ọwọ́ náà mú tó ń yí i, ó yọ kúrò lára ẹ̀rọ.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà, tí wọ́n pè ní XO, máa fi jáde, ọwọ́ yíyí ti kúrò lára rẹ̀. Kí a sì sọ òótọ́, iṣẹ́ ọpọlọ wà níbẹ̀. Iná tó ń jẹ kéré, ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn, wọ́n sì fi rọ́bà bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku àti omi má baà wọ inú rẹ̀. Ìdíje tó dá sílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ̀ǹpútà kékeré tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀.

Ṣùgbọ́n 100 dọ́là kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ ní òpin ọdún 2007, owó ọ̀kan ti sún mọ́ 190 dọ́là. Owó ẹ̀rọ nìkan nìyẹn. Ẹni tó bá ra ọ̀kadà mọ̀ pé owó tí òun san fún ẹni tó tà á kò ní epo, táyà àti owó mẹkáníìkì nínú. Kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò iná, ibi tí wọ́n máa tì í mọ́ lálẹ́, bátìrì tuntun lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni tó lè tún un ṣe, àti olùkọ́ tó mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Nínú gbogbo ariwo 100 dọ́là, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kò sí ẹni tó dárúkọ iye wọn.

Mílíọ̀nù kan tí Nàìjíríà kò rà

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ nawọ́. Lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní ọdún 2006, ìròyìn tàn káàkiri pé orílẹ̀-èdè yìí yóò gba mílíọ̀nù kan nínú kọ̀ǹpútà náà.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, l'Abuja, ní ọdún 2007, níbi tí wọ́n ti pín bí 300 kọ̀ǹpútà. Inú àwọn ọmọ náà dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún náà, ìròyìn jáde pé àwọn kan nínú wọn ti fi kọ̀ǹpútà náà dé ojú òpó àwòrán oníhòòhò. Àjọ náà sọ pé àwọn yóò fi ohun tó máa dènà irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ju ti àwòrán lọ: lẹ́yìn tí àwọn àlejò tó gbé ẹ̀rọ wá bá ti lọ, ta ló ń ṣọ́ ohun tí ọmọ ń fi ẹ̀rọ ṣe?

Àwọn oníṣòwò ń du ọjà yìí lákòókò kan náà. Ilé iṣẹ́ Intel gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń jẹ́ Classmate wá sí ilé ìwé mìíràn l'Abuja. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí 17,000 Classmate tí Nàìjíríà fẹ́ gbà, ìjà tó gbalẹ̀ ni pé ṣé Windows ti Microsoft ni wọ́n máa fi sí i ni àbí Linux ti ilé iṣẹ́ Mandriva láti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá Mandriva kọ lẹ́tà ìta gbangba sí ọ̀gá Microsoft lórí rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Wọ́n ń jà lórí ohun tó máa wà nínú ẹ̀rọ, nígbà tí àwọn ilé ìwé tí ẹ̀rọ ń lọ kò tíì ní iná tó dúró.

Ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá náà wọ inú rẹ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó bọ̀ wá sí Nàìjíríà ní láti lè tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà fún Yorùbá, Igbo àti Hausa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Lagos Analysis Corporation, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà kan, Adé Oyègbọ́lá, dá sílẹ̀, tó sì ti ṣe bọ́tìnnì Konyin fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, pe àjọ One Laptop per Child lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Èkó. Ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n lo iṣẹ́ òun láìgba àṣẹ. Àjọ náà sọ pé àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba ti yí padà. Umaru Musa Yar'Adua gba ipò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, Igwe Aja-Nwachukwu, béèrè ní gbangba pé kí ni ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọmọ tí kò ní àga tí yóò fi jókòó kàwé. Mílíọ̀nù kan náà kò dé títí di òní.

Ọpọ́n Ìmọ̀ l'Ọ́ṣun

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tirẹ̀ dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama àgbà ti ìjọba. Iye tí wọ́n fi ṣe èrò ni 150,000. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ibi tí orúkọ náà ti wá: bí babaláwo ṣe ń tẹ ìyẹ̀ròsùn sórí ọpọ́n kó lè rí ohun tí Ifá sọ, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe wo ojú ẹ̀rọ yìí kó lè rí ìmọ̀.

Lọ́nà kan, Ọ̀ṣun gbọ́n ju àwọn tó ṣáájú lọ. Ìwé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ olóhùn àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB tó ti kọjá ni wọ́n dì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn Yorùbá, òwe àti ẹ̀kọ́ ìwà láti inú Ifá. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè kàwé. Ẹni tó ronú bẹ́ẹ̀ ti rí ojú ilé ìwé wa rí.

Àmọ́ ìṣòro ńlá tó kù ni pé ilé ìwé kì í dúró sójú kan. Ní ọdọọdún ni àwọn kan ń jáde, tí àwọn mìíràn sì ń wọ SS1. Ẹ̀rọ tí wọ́n pín lẹ́ẹ̀kan kò lè tó wọn. Ojú ẹ̀rọ ń fọ́, bátìrì ń rẹ̀, ṣájà ń sọnù, nǹkan sì ń yí padà nínú ìwé ẹ̀kọ́. Ìyẹn gba owó ọdọọdún nínú ìṣúná. Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun sì ti jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìpínlẹ̀ tí kò rí owó san fún olùkọ́, níbo ni yóò ti rí owó pààrọ̀ bátìrì?

Àwọn tó kọ́ ilé iṣẹ́ àtúnṣe

Uruguay, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tí èèyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ló sún mọ́ ìlérí Negroponte jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń jẹ́ Plan Ceibal ní ọdún 2007. Ní òpin ọdún 2009, gbogbo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba àti olùkọ́ wọn ti ní kọ̀ǹpútà. Ìjọba ibẹ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti Montevideo, olú ìlú wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ó fa íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé ìwé, kí ó mọ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe, kí ó sì máa pààrọ̀ èyí tó bá gbó.

Peru ra púpọ̀ jù ú lọ, ó ju 800,000 lọ, ó sì kó wọn lọ sí àwọn abúlé orí òkè. Ní ọdún 2012, ìwádìí tí ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ilé ìwé 319 níbẹ̀ fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ nínú ìṣirò àti èdè láàárín ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà àti ọmọ tí kò ní. Ìwádìí kan tó jáde lórí Uruguay ní ọdún 2014 náà kò rí ìyàtọ̀ nínú ìṣirò àti ìwé kíkà. Ìyẹn ni pé àtúnṣe máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kí ọmọ sì mọ̀wé, ọwọ́ olùkọ́ nìyẹn wà.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Rwanda ló gbà á jù. Láti ọdún 2008, ó pín ju 200,000 XO lọ. Lẹ́yìn náà ló yí ọwọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Positivo ń tò pọ̀ ní Kigali, ó sì ń kó wọn sí yàrá kan nílé ìwé tí gbogbo kíláàsì yóò máa lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kúrò nínú báàgì ọmọ, ó bọ́ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé.

Monrovia: ìlú tí iná rẹ̀ kú

Kò sí ìlú tó mọ iye ìtọ́jú tó Monrovia. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Liberia ní òpin ọdún 1989, kò sì parí pátápátá títí di ọdún 2003. Ilé ìwé wó, olùkọ́ sá, àwọn ọmọ kan sì gbé ìbọn dípò ìwé. Ibùdó iná Mount Coffee tó wà lórí odò St. Paul, tó ń fún olú ìlú náà ní iná, bàjẹ́ nínú ogun ní ọdún 1990.

Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf di ààrẹ ní oṣù Kínní ọdún 2006, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 15 ní Monrovia ni kò tíì rí iná ìjọba rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà, tó jẹ́ àyájọ́ òmìnira, ó tan iná òpópónà ní apá kan ìlú náà. Èyí ṣẹlẹ̀ nínú ọdún kan náà tí Nàìjíríà ń sọ ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù kan kọ̀ǹpútà.

Ní òpópónà Tubman Boulevard ní ìlú yẹn, ohun mìíràn ti wà nílẹ̀ tó yẹ kí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà wá wò. Láti ọdún 2000 ni Alfred Sirleaf ti ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ sórí pátákó dúdú kan tó pè ní Daily Talk. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ọ́. Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, ó máa ń gbé nǹkan kọ́ ara pátákó náà: bí akoto aláwọ̀ búlúù bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba Charles Taylor ba pátákó náà jẹ́, ó tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Pátákó náà kò nílò iná, ẹnikẹ́ni tó bá ní òòlù lè tún un ṣe, ó sì ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn.

Ètò ẹ̀kọ́ Liberia kò ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, bí 25,000 akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì Liberia, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó yege. Ààrẹ Sirleaf fúnra rẹ̀ gbà pé ètò ẹ̀kọ́ ti dà rú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ebola dé. Wọ́n ti ilé ìwé pa fún bí oṣù méje, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejì ọdún 2015. Rédíò ni ìjọba fi kọ́ àwọn ọmọ nílé lásìkò náà, nítorí òun ni ẹ̀rọ tó ti wà nílé àwọn èèyàn, tí bátìrì rẹ̀ sì wà ní ìsọ̀ ojú ọ̀nà.

Ẹ̀rọ kan fún olùkọ́ kan

Nínú ipò yìí ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, George Werner, wà nígbà tó kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 pé ìjọba yóò gbé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé aládàáni lọ́wọ́ láti máa bá a darí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni Bridge International Academies, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nairobi, ní Kenya, ní ọdún 2009. Ariwo sọ. Kishore Singh, tó ń ṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́, sọ pé ìjọba kan kò gbọdọ̀ ti ojúṣe rẹ̀ sí ọwọ́ oníṣòwò. Ìjọba wá fa àwọn mìíràn mọ́ ọn títí wọ́n fi di mẹ́jọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé 93. Àwọn òbí kò ní san owó ilé ìwé, ìjọba ni yóò sì máa san owó oṣù olùkọ́.

Ní àwọn ilé ìwé tó wà lábẹ́ Bridge ni tábílẹ́ẹ̀tì ti wọ kíláàsì. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn tó ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wà ní ibòmíràn, wọ́n sì kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀: ohun tí olùkọ́ yóò sọ, ohun tí yóò kọ sára pátákó, ìgbà tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Fóònù ọ̀gá ilé ìwé ló ń gba ẹ̀kọ́ tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ń pín in sórí tábílẹ́ẹ̀tì àwọn olùkọ́. Tábílẹ́ẹ̀tì náà ń kọ ìgbà tí olùkọ́ ṣí ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ padà. Bí olùkọ́ kò bá wá, ẹ̀rọ ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ẹ mú ilé ìwé kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 300 àti olùkọ́ mẹ́wàá. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ 300 ni wọn yóò máa fún ní iná lójoojúmọ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá bàjẹ́ lọ́dún, 30 ni wọn yóò tún ṣe. Bó bá jẹ́ olùkọ́ nìkan ló ní in, ẹ̀rọ mẹ́wàá ni, páálí sólà kékeré kan lè fún wọn ní iná, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sì bàjẹ́ lọ́dún. Ẹnì kan lè gun ọ̀kadà gbé e lọ sí Monrovia, kó sì gbé òmíràn bọ̀. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì ní Liberia nítorí ibùdó iná Mount Coffee kò padà ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2016, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àti pé iná rẹ̀ kò dé ọ̀pọ̀ abúlé.

Èsì wo ló jáde?

Àwọn olùwádìí láti Center for Global Development àti Innovations for Poverty Action tẹ̀ lé ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ilé ìwé 93 náà wé 92 tí kò sí nínú ètò, ìbò ni wọ́n sì fi yan ilé ìwé tó bọ́ sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Èsì ọdún àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2017. Àwọn ọmọ tó wà nínú ètò mọ ìwé àti ìṣirò ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n lọ wo ilé ìwé láìsọ tẹ́lẹ̀, ìdá 60 nínú 100 olùkọ́ ni wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwé tó wà nínú ètò, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ ìdá 40.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tábílẹ́ẹ̀tì ló ṣe é. Àwọn aládàáni mìíràn nínú àwọn mẹ́jọ náà kò lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ṣe dáadáa. Ilé ìwé tó wà nínú ètò gba olùkọ́ kún olùkọ́, wọ́n sì ní owó ju ti ìjọba lọ. Bridge ní kí ìdá 74 nínú 100 olùkọ́ tó bá ní àwọn ilé ìwé rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó tún fi òdiwọ̀n sí iye ọmọ tó lè wà ní kíláàsì kan, èyí tó mú kí àwọn ọmọ kan ní láti wá ilé ìwé mìíràn lọ.

Owó náà wà níbẹ̀. Àfikún tí ètò náà pinnu fún ọmọ kan lọ́dún ni 50 dọ́là. Ohun tí Bridge ná lórí ọmọ kan ní ọdún àkọ́kọ́ ju 600 dọ́là lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sọ pé iye yẹn yóò máa dínkù bí ilé ìwé bá ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn alátakò, tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wà lára wọn, béèrè pé ta ni yóò san án lọ́jọ́ tí àwọn olówó òkèèrè bá lọ. Wọ́n tún sọ pé olùkọ́ tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ kì í kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́. George Weah gba ìjọba ní ọdún 2018, ètò náà sì ń bá a lọ lábẹ́ orúkọ tuntun, LEAP.

Láti Liberia wá sí Èkó àti Kwara

Èyí kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún àwọn òbí nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ Edo bá Bridge ṣe ètò EdoBEST. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Èkó gbé EKOEXCEL jáde fún àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Kwara sì bẹ̀rẹ̀ KwaraLEARN ní ọdún 2022. NewGlobe, ilé iṣẹ́ tó ni Bridge, ló wà lẹ́yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olùkọ́ ní Ìlọrin tàbí Ìkòròdú tó gbé tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lónìí ń lo irú ètò tí Liberia dán wò ní ọdún 2016.

Ìyàtọ̀ kan wà tó dára. Ní Nàìjíríà, olùkọ́ ìjọba tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ètò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí bọ́tìnnì Konyin ti gbé jáde láti ọdún 2007 tí kò tíì tán. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí ìwádìí sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá wá láti ojú ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn kọ, ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń yan èdè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gànńgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìgbà ìbò kò jìnnà sí wa rárá nílẹ̀ yìí, àwọn olóṣèlú yóò sì tún gbé kọ̀ǹpútà wá. Àwọn òbí tó bá wà níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye bátìrì tó wà nínú ìṣúná ọdún kẹta, ilé àtúnṣe tó súnmọ́ wọn jù, ohun tí àwọn ọmọ tó ń wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ yóò lò, ẹni tí àkọsílẹ̀ nípa ọmọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ inú ẹ̀rọ bí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ bá tán.

Láti ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ ti yọ mọ́ Kofi Annan lọ́wọ́ ní Tunis, ọ̀pọ̀ ìjọba ló ti san owó gọbọi kí wọ́n tó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ, tàbí nígbà tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́, ni ẹ̀rọ ti ṣì ń tàn lẹ́yìn ọdún kẹta.